Bọ́ọ̀sì pupa, etí omi àti ìgbẹ́: ìdáhùn fún ìyá kan ní Peckham

Ìbéèrè: “Peckham ni mò ń gbé. Mi ò ní mọ́tò, mi ò sì ní ìwé ìwakọ̀. Ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì mẹ́tàlá. Màmá mi ti Ìbàdàn wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Ibo la lè wọ bọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ Sátidé, kí a rìn díẹ̀ níbi tí omi àti koríko wà, kí owó má pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lé wa kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀?”

Ẹ kú àlejò màmá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n gbádùn yín, kí wọ́n sì padà délé láyọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé àwọn tó ní mọ́tò ló ni ìgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti irú ìrìn tí ẹ ń wá yìí, ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ni mo rí pé ó rọrùn fún jù. Ẹni tó wa mọ́tò lọ gbọ́dọ̀ padà síbi tó gbé e sí, tó bá ti rìn jìnnà tán, gbogbo ọ̀nà yẹn náà ló kù níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin lè sọ̀kalẹ̀ níbì kan, kí ẹ rìn títí dé ibòmíràn, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì mìíràn wálé. Bó bá sì rẹ màmá láàárín ọ̀nà, ẹ lè yà síbi tí bọ́ọ̀sì wà nítòsí. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ibi tó lẹ́wà, ibi tí bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí mo ṣe ń yan ọ̀nà fún àwọn àgbà àti ọmọdé nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n máa fi kánààlì ṣáájú òkè àti oko: ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà rẹ̀ ò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ẹni tó bá ń tẹ̀ lé omi kò lè ṣìnà. Kánààlì tí mò ń wí kì í ṣe irú ti Èkó tí òjò ń gbé ike kún o. Odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù lè gbà á ni.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́kọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni owó bọ́ọ̀sì London ti di £1.75. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jáde bóyá ó ti lé sí i. Bí ẹ bá ti fi káàdì kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo bọ́ọ̀sì tí ẹ bá tún wọ̀ láàárín wákàtí kan sí ìgbà yẹn, ọ̀fẹ́ ni, bí ẹ bá ti fi káàdì kan náà kàn án. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, wọn kì í yọ ẹ̀kẹrin. Awakọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ láti ọdún 2014. Èyí kan màmá gan-an, torí pé káàdì kan ò lè san fún èèyàn méjì. Ẹ ra káàdì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Oyster fún wọn, tàbí kí wọ́n lo káàdì báńkì tiwọn. Freedom Pass, káàdì ọ̀fẹ́ tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà inú bọ́ọ̀sì, ti àwọn tó ń gbé ìlú yìí ni, àlejò kì í gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní san nǹkan kan. Èyí ẹ̀gbọ́n náà kò ní san, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní Zip, káàdì ọkọ̀ àwọn ọmọdé tó ní fọ́tò rẹ̀ lára. Bí ẹ ò bá tíì gbà á, ẹ tètè kọ̀wé béèrè, torí ó máa ń gba àkókò kó tó dé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yín. Nídìí ilé ìkàwé Peckham, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó lọ tààrà sí Burgess Park. Ọ̀pọ̀ wa ń gba ibẹ̀ bọ̀ láti ọjà Rye Lane pẹ̀lú ẹrù iṣu lọ́wọ́, láì mọ̀ pé inú kánààlì là ń rìn. Grand Surrey Canal ni. Ọdún 1801 ni òfin tó fàyè gbà á jáde, wọ́n sì ṣí ẹ̀ka tó wá sí Peckham ní 1826. Pákó wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ń ti èbúté kó wá. Nígbà tí èbúté wá kú, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ dí kánààlì náà ní àwọn ọdún 1970. Àwọn afárá rẹ̀ ni wọn ò wó tán. Ẹ máa gba abẹ́ afárá kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nígbà tí ẹ bá sì wọ inú Burgess Park, ẹ máa rí ọ̀kan tó dá dúró sáàárín koríko, tí omi kankan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rò pé ó ń ṣe níbẹ̀, kí ẹ tó sọ fún wọn. Láti ilé ìkàwé dé ìparí ọgbà náà ní Camberwell Road tó bíi máìlì kan àtààbọ̀, ilẹ̀ tẹ́jú látòkèdélẹ̀, àga ìjókòó sì wà. Bọ́ọ̀sì 12 ń gba Camberwell Road padà sí Peckham. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ bí orúnkún màmá ṣe lágbára tó. Bí wọ́n bá rìn ín láìsí ìnira, ẹ ti lè gbìyànjú èyí tó tẹ̀ lé e.

Bọ́ọ̀sì 36 ń ti Peckham lọ sí Paddington láìpààrọ̀. Bí ọ̀nà bá dí, ó lè gbà ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ jókòó sókè níwájú: ẹ máa kọjá odò Thames ní Vauxhall, ẹ máa gba Victoria, ẹ̀gbẹ́ Hyde Park àti Marble Arch. Owó tabua làwọn àlejò ń san fún bọ́ọ̀sì ìrìn-àjò afẹ́ kí wọ́n tó rí ohun tí màmá máa rí fún £1.75 yẹn. Bí orúnkún wọn ò bá gba àtẹ̀gùn inú bọ́ọ̀sì, ìsàlẹ̀ náà dára. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Paddington, kí ẹ wá omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀ka kánààlì tí wọ́n ṣí ní 1801 ni, láti mú ẹrù láti àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí London. Ẹ tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí ẹ máa dé Little Venice, níbi tó ti pàdé Regent’s Canal. Ọdún 1820 ni wọ́n gbẹ́ ìyẹn parí dé Limehouse. Láti Little Venice dé Camden tó máìlì méjì àtààbọ̀, kò sì sí lọ́ọ̀kù kankan (ìlẹ̀kùn omi tó ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀) títí ẹ fi máa dé Camden fúnra rẹ̀, èyí ni pé omi ò gòkè kò sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà etí omi náà kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ibi tí ẹ ti máa gba orí ilẹ̀ kọjá, tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ibì kan ló máa ń rú àlejò lójú. Lẹ́yìn Little Venice, ẹ máa bá géètì: àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi ló ni etí omi níbẹ̀. Ẹ gba ojú títì Blomfield Road tó wà lókè, ẹ ṣáà máa rí omi. Lẹ́yìn náà ni kánààlì á wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí kò ní ọ̀nà ẹsẹ̀ rárá. Ẹ gba orí ilẹ̀ kọjá ní Aberdeen Place, kí ẹ tún sọ̀kalẹ̀ padà. Bí àwọn ọmọ bá béèrè ìdí, ẹṣin ló ń fi okùn fa ọkọ̀ láyé ìgbà náà, torí tiwọn ni ọ̀nà fi wà létí omi. Gbígbẹ́ ihò wọ́n owó, wọn ò sì gbẹ́ ẹ fẹ̀ tó kí ẹṣin gbà á. Wọ́n á tú ẹṣin, á gba orí ilẹ̀ lọ, àwọn ọkùnrin á dùbúlẹ̀ sórí ọkọ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ ti ògiri ihò títí wọ́n á fi jáde. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá dé etí Regent’s Park, ẹ wá afárá Macclesfield. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1874, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Tilbury kó ẹ̀tù ìbọn pẹ̀lú epo, ó sì bú gbàmù lábẹ́ afárá yìí gan-an. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kú, afárá náà túká. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, òpó irin àtijọ́ ni wọ́n tún lò, àmọ́ wọ́n yí wọn padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìka wọn tọ ojú òpó: ibi tí okùn ẹṣin ti ha irin náà wọlé hàn ketekete, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n yí wọn padà ni okùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha apá kejì. Mi ò mọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó lè sọ ìtàn yẹn tó òpó náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré tàbí gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ kì í wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọgbà ẹranko. Ẹ gbé ojú sókè: ilé onírin gíga kan wà létí omi tí wọ́n fi àwọ̀n bò, láti ọdún 1965. Ẹyẹ ló ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2022, ẹdun ni wọ́n kó síbẹ̀, àwọn dúdú tó ní irun funfun gígùn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá jáde lọ́jọ́ náà, ẹ lè rí wọn láti ìsàlẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́ oríkì ìbejì ti gbọ́ orúkọ ẹdun láìmọye ìgbà, ó sì ṣọ̀wọ́n kó ti fojú kàn án. Ẹ jẹ́ kí màmá ki oríkì náà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi yín pé kí lẹ ń ṣe.

Bó bá ti rẹ màmá kí ẹ tó dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì 274 ń gba Prince Albert Road, ọ̀nà tó ń bá kánààlì rìn pọ̀ lápá yẹn, lọ sí Camden. Kí ẹ̀gbọ́n bá wọn wọ̀ ọ́, kí ẹ̀yin àti àbúrò rìn parí, kí ẹ pàdé ní Camden. Láti Camden, ẹ wọ 24 lọ sí Trafalgar Square, kí ẹ sì wọ 12 níbẹ̀ wá sílé. Ẹ tètè jáde láàárọ̀. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, ọjà Camden máa ń kún débi pé èèyàn ò ráyè gbé ẹsẹ̀, kò sì dára fún àgbàlagbà.

Ìgbẹ́ gidi ńkọ́? Fún yín ní Peckham, Keston ni mo máa yàn ṣáájú gbogbo ibi. Ẹ wọ 171 lọ sí Catford, ẹ wọ 208 níbẹ̀ lọ sí Bromley, ẹ wá wọ 146 tó ń lọ sí abúlé Downe, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Keston lójú ọ̀nà. Ìrìn náà gùn, wákàtí kan ọ̀fẹ́ yẹn lè má tó o, kí ẹ ṣírò owó ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Odò kékeré tó ń ṣàn kọjá ní Catford àti Lewisham, tó lọ bọ́ sínú Thames ní Deptford, Ravensbourne ni wọ́n ń pè é. Keston ló ti ṣẹ̀. Ẹ máa rí orísun rẹ̀, kànga kékeré kan tí wọ́n fi òkúta yí ká, tí wọ́n ń pè ní Caesar’s Well. Omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú àwọn adágún tí pẹ́pẹ́yẹ kún. Igbó àti pápá ló yí wọn ká. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tún máa bá àwọn apẹja níbẹ̀, tí wọ́n jókòó láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù mọ́lẹ̀.

Ìdí mìíràn tí mo fi yan Keston kan màmá gan-an. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà nítòsí àwọn adágún náà, tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Holwood, ilé William Pitt tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1787, nídìí igi oak kan níbẹ̀, William Wilberforce tó jẹ́ aṣòfin bá Pitt sọ̀rọ̀, ó sì pinnu pé òun máa gbé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú síwájú ilé aṣòfin kí wọ́n fòpin sí i. Ogún ọdún ló gbà kí òfin náà tó jáde ní 1807. Igi àtijọ́ náà ti kú, ṣùgbọ́n ìjókòó òkúta tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1862 ṣì wà, ọ̀rọ̀ Wilberforce sì wà lára rẹ̀. Àjàyí Crowther wá síbẹ̀. Àwòrán àtijọ́ kan wà tí òun àti àwọn àlùfáà mìíràn láti Áfíríkà yà nídìí igi yẹn. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló dúró níbẹ̀. Bí màmá yín bá ń ka Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn wà nínú àpò wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ìjọ wa ní gúúsù London kì í kó ọmọ Sunday School lọ síbẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé bọ́ọ̀sì pupa ló lọ.

Láti Keston, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá lè gba ọ̀nà oko rìn dé Downe, kò tó máìlì mẹ́ta. Ilé tí Charles Darwin gbé láti 1842 títí ó fi kú ní 1882 wà níbẹ̀, owó ni wọ́n fi ń wọlé. Màmá lè wọ 146 lọ pàdé yín. Ẹ ṣọ́ra o: wákàtí kan ló máa ń wà láàárín 146 kan sí èkejì. Kí ẹ tó fi ìdí bọ́ọ̀sì sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò pátákó àkókò tó wà níbẹ̀, torí pé fóònù lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó.

Ní ti ẹni tó máa lé yín: kò sí. Etí kánààlì, Canal & River Trust ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní England àti Wales láti 2012, ẹlẹ́sẹ̀ kì í sì í san nǹkan kan. Ní ìgbẹ́, ẹ wá àkọlé “Public Footpath” tàbí ọfà kékeré aláwọ̀ ìyeyè lára òpó. Òfin ló fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ibẹ̀, kódà bó la oko àgbẹ̀ já láàárín. Ọfà aláwọ̀ búlúù fàyè gba ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ti géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ má sì gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá. Ohun kan tó máa dùn mọ́ màmá nínú ni pé àwọn èèyàn máa ń kíra wọn lójú ọ̀nà ìgbẹ́. Àwọn tí kì í wo ojú ẹnì kankan nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n bá ti dé inú oko, wọ́n á kí yín káàárọ̀. Ẹ máa rí ẹni tó máa wò yín lẹ́ẹ̀mejì náà. Ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Fún àwọn òǹkàwé tó ń gbé apá ibòmíràn: ẹ̀yin ará Ilford àti Tottenham, 123 ń gba Ferry Lane, níbi tí Walthamstow Wetlands, àwọn adágún ńlá tí ẹyẹ pọ̀ sí, wà, ọ̀fẹ́ láti 2017. Ẹ lè rìn létí odò Lee láti ibẹ̀ dé Lea Bridge Road, kí ẹ wọ 55 tàbí 56. Ẹ̀yin ará Southall àti Ealing, 207 dúró ní Ealing Hospital. Lọ́ọ̀kù mẹ́fà ló tẹ̀léra ní Hanwell níbẹ̀, ẹ sì lè tẹ̀ lé omi dé Brentford wọ 237 tàbí 267. Láti Kingston, 465 ń jáde kúrò ní London pátápátá lọ sí Dorking, owó kan náà ni. Box Hill tó ń gbà lẹ́bàá ga ní mítà 224, ó sì dagun. Ti àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti màmá.

Bàtà tí ẹ̀yin ò ní bínú bí ẹrẹ̀ bá gbé e mì ni kí ẹ wọ̀, pàápàá láti oṣù kẹwàá sí ìkẹta. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan ewé tó kún etí ọ̀nà, àwọn kan ń jó ara gẹ́gẹ́ bí èsìsì. Èso dúdú wẹ́wẹ́ tó ń so lára ẹ̀gún ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ẹ já a jẹ. Ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Létí kánààlì, bí ẹ bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, ẹ fa ọmọ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ má fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni ohun tí kò sí létí omi, àgbàlagbà sì nílò rẹ̀. Ilé ìkàwé Peckham ní i bó bá ṣí, ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Paddington sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní Keston àti Downe, ẹ wọ ilé ọtí abúlé, ẹ ra tíì kan fún màmá, kí ẹ béèrè. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ti Peckham ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí orúnkún wọn ò bá wú tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi mọ́, ẹ wọ 36 ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.